Níbo Ni Orúkọ Parí Sí?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, màmá alájọ àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìlaró fi ìwé orúkọ àwọn èèyàn wọn lé mi lọ́wọ́. Mẹ́tàlélógún ni àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ta gàrí àti láfún, àwọn kan ń wá láti Ayétòrò, àwọn kan láti Ọjà-Ọ̀dàn. Ohun tí màmá fẹ́ kò ju pé kí n tẹ orúkọ náà sórí káàdì kan, kí wọ́n lè máa fàmì sí i bí owó bá ṣe ń wọlé. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ gbogbo orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn wọn pé pérépéré, mo fi wọ́n pamọ́ sínú fáìlì kan. Mo wá kọ prògíráàmù kékeré kan ní èdè C, tí yóò máa ka fáìlì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa fi nọ́ńbà síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí bébà jáde, nọ́ńbà 1 ní àmì méjì tí kò sẹ́ni tó lè pè, ÿþ, lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́tà À kan ṣoṣo. Láti nọ́ńbà 2 títí dé 23, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ.

Màmá gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n wò ó, wọ́n tún yí i wò. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ìyókù orúkọ rẹ̀ dà? Àwọn méjìlélógún tó kù ńkọ́?"

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Mo ní kí n kàn tún un tẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní owó èèyàn ló wà nídìí orúkọ, àwọn sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí orúkọ gbà sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń gbé owó lé lọ́wọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn dá lóhùn dáadáa nìyẹn. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, a sì ti bá a ṣe àdéhùn pé nọ́ńbà báyìí ni kó máa dúró fún lẹ́tà báyìí. A ńlá jẹ́ 65, B jẹ́ 66, a kékeré jẹ́ 97. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì pàápàá ní nọ́ńbà tirẹ̀, 32. Inú àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní báìtì ni wọ́n ń kó àwọn nọ́ńbà yìí sí, àpótí kọ̀ọ̀kan ò sì lè gbà ju nọ́ńbà kan lọ, láti 0 dé 255. Bí ẹ bá kọ Ade láìfi àmì sí i, báìtì mẹ́ta ni: 65, 100, 101.

Òdo ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Òdo tí a ń kọ nínú nọ́ńbà fóònù, èyí tí ojú rí, jẹ́ àmì bíi ti lẹ́tà, nọ́ńbà tirẹ̀ sì ni 48. Èyí tí mò ń sọ ni báìtì tí òdo gan-an wà nínú rẹ̀, tí kò dúró fún lẹ́tà kankan tí èèyàn lè kà. Ó ti wà nínú àdéhùn náà láti 1963, nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní ASCII jáde. Láyé ìgbà yẹn, bébà gígùn tí wọ́n ń lu ní ihò ni ẹ̀rọ ń kà. Ihò tí ẹ lù ló ń sọ nọ́ńbà. Ibi tí ẹ ò bá lu ihò kankan sí, òdo nìyẹn. Bébà tó ṣófo ni òdo, bí ìbẹ̀rẹ̀ bébà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ tán.

Mo wá bi màmá pé báwo ni àwọn ìyá wọn àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dáhùn. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹni tó bá gba okùn kan lọ́wọ́ yín mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà pé ogójì ló yẹ kó bá níbẹ̀. Bí ẹyọ kan tó fọ́ bá wà láàárín, kò ní torí ìyẹn dúró kó ní owó ti tán. Yóò kà á dé ogójì.

Àwọn tó ń kọ prògíráàmù náà ń pe ọ̀wọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ léra ní string, ìyẹn okùn. Ọ̀nà méjì ló sì wà láti mọ ibi tí okùn lẹ́tà parí sí. Èkíní ni ti owó ẹyọ: ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní "mẹ́ta ló wà níbí", kí ẹ tó to Ade. Èkejì ni pé kí ẹ má kọ iye kankan, kí ẹ kàn ta kókó sí ìdí okùn. Ẹni tó ń kà á yóò máa fi ọwọ́ tọ́ ọ lọ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan kókó, yóò wá ní ó tán. Báìtì òdo ni kókó náà. Ade di báìtì mẹ́rin: 65, 100, 101, 0.

Ọ̀nà kejì yìí ni èdè C gbà. Dennis Ritchie ló ṣe C ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èdè BCPL tí Martin Richards gbé kalẹ̀ ní 1967 ń kọ iye ṣíwájú, báìtì kan ló sì fi ń kọ ọ́. Ẹ rántí pé báìtì kan ò kọjá 255, okùn kankan ò sì lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ken Thompson ṣe èdè B tẹ̀ lé e, ó fi àmì ìparí rọ́pò iye náà, C sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ B. Nígbà tí Ritchie kọ ìtàn èdè C ní 1993, ó ní wọn ò fẹ́ kí iye tó wà nínú àpótí kan máa dín okùn wọn kù, àti pé ó ti hàn sí wọn lẹ́nu iṣẹ́ pé kókó rọrùn láti lò ju kí wọ́n máa tọ́jú iye kiri lọ.

Mi ò lè bá wọn wí. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò ní ààyè ìpamọ́ tó tó nǹkan, báìtì kọ̀ọ̀kan níye lórí. Àmọ́ Poul-Henning Kamp, ọmọ Denmark kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 2011 pé ó ṣeé ṣe kí ìpinnu yẹn jẹ́ àṣìṣe báìtì kan tó ná aráyé ní owó jù lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Torí pé bí kókó bá lọ ta sí àárín okùn ńkọ́? Ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ yóò dúró níbẹ̀. Kò ní bínú, kò ní pariwo, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò tíì rí ìyókù. Yóò ní ó tán. Bí ẹ bá kọ A, d, e, báìtì òdo, w, a, l, e sínú okùn kan, tí ẹ bi strlen, ohun èlò tí C fi ń wọn gígùn okùn, yóò dá yín lóhùn pé 3. Wale wà níbẹ̀ gbáko nínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí káàdì màmá. Ta ló fi kókó sínú orúkọ Àbẹ̀kẹ́? Èmi ni, láìmọ̀. Notepad ti Windows ni mo fi tẹ orúkọ náà. Nígbà tí mo fẹ́ fi í pamọ́, mo yan ohun tí ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ mi ń pè ní "Unicode", torí mo rò pé òun ló máa tọ́jú àmì ohùn. Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó fi ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní UTF-16, ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní báìtì méjì ó kéré tán, ì báà nílò méjì, ì báà má nílò. Lẹ́tà tí nọ́ńbà rẹ̀ ò ju 255 lọ kò nílò àpótí kejì, nítorí náà òdo ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Ìlaró nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀:

204 0 108 0 97 0 114 0 243 0

Lẹ́tà márùn-ún, òdo márùn-ún. Kókó tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí prògíráàmù C bá ka ìyẹn, yóò rí Ì, yóò kan òdo, yóò ní orúkọ ìlú wa ti parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ màmá nìyẹn. Báìtì méjì kan, 255 àti 254, ni Notepad máa ń fi ṣáájú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti fi sọ irú ẹni tó jẹ́. Àwọn ló jáde bí ÿþ. À tẹ̀ lé wọn, òdo tẹ̀ lé À, prògíráàmù mi dúró.

Kí ló dé tí àwọn méjìlélógún tó kù ò wá ní lẹ́tà kan pàápàá? Ó pẹ́ kí n tó rí èyí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ó sì wù mí kí ẹ rí i. Ohun èlò tí mo fi ń ka ìlà máa ń kà títí yóò fi kan nọ́ńbà 10, àmì pé ìlà parí, ibẹ̀ ni yóò ti gé e. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì yìí 10 náà ní òdo tirẹ̀ lẹ́yìn, torí gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń rìn ní méjì-méjì. Ó gé ìlà lẹ́yìn 10, ó fi òdo rẹ̀ sílẹ̀. Òdo tó ṣẹ́ kù yẹn wá di báìtì àkọ́kọ́ ìlà kejì. Kí ọwọ́ tó kan lẹ́tà kankan, kókó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Báyìí ni ó ṣe rí ní ìlà kẹta, ìkẹrin, títí dé ìkẹtàlélógún. Orúkọ méjìlélógún wà nínú ẹ̀rọ lódindi, kókó wà lójú ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ mú orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa kó tó di Yewa ní 1995: Ẹ̀gbádò. Lẹ́tà Ẹ tó ní ẹsẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 7864, tí báìtì méjì rẹ̀ jẹ́ 184 àti 30, kò sí òdo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ẹ tó tún ní àmì lórí. Ẹ la máa kọ ná, àmì ohùn ìsàlẹ̀ á wá tẹ̀ lé e bí ẹni ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà àmì náà ni 768. Ẹ pín 768 sí báìtì méjì bí Notepad ṣe ń tò wọ́n: 0, 3. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni òdo fi bẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn òkè jẹ́ 769, ìyẹn 1, 3, kò ní wàhálà. Nítorí náà prògíráàmù C yóò gba Ẹ kọjá, yóò kan àmì tí a fi ń sọ ohùn wálẹ̀, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo dìde kúrò lórí àga. Àwọn kan ti sọ fún mi rí pé kí n yé fi àmì sórí Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà, pé ó ń da iṣẹ́ rú. Àmì ohùn ò ṣẹ̀. Ẹni tó ń kà á ló fi ọ̀nà kan ka ohun tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kọ.

Ojútùú rẹ̀ ti wà láti 1992. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ken Thompson kan náà jókòó pẹ̀lú Rob Pike nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì gbé UTF-8, ọ̀nà mìíràn láti tọ́jú lẹ́tà, kalẹ̀. Wọ́n tò ó débi pé báìtì òdo kò ní fara hàn nínú lẹ́tà kankan mọ́, ní èdèkédè, àfi bí èèyàn bá dìídì kọ òdo. Nínú UTF-8, Ìlaró di 195 140 108 97 114 195 179. Báìtì méje, kò sí òdo kan. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ di 204 àti 128. Ẹ wá fáìlì náà, ẹ ṣí i nínú Notepad, ẹ tún un fi pamọ́ ní UTF-8, ó parí. Láti 2019 ni Notepad tuntun ti ń yan UTF-8 fúnra rẹ̀ bí ẹ ò bá sọ nǹkan mìíràn.

Bó bá jẹ́ àṣìṣe nìkan ni, ǹ bá dúró síbí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi kókó àárín okùn jalè, àwa tí a ń gbé létí ibodè sì lè tètè lóye bí wọ́n ṣe ṣe é. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí àdéhùn ààlà, tí Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé tí Ìmẹ̀kọ sì kù sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kan náà ti ń kọjá lọ́wọ́ òǹkàwé méjì lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ní awakọ̀ kan mú ìwé ẹrù wá sí ibodè Ìdí-Ìrókò. Òṣìṣẹ́ ìhà kìíní máa ń ka ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ti ìhà kejì máa ń dúró níbi ìlà òfo àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ ìwà àwọn méjèèjì lè kọ ìwé kan tí yóò sọ ohun méjì, kò sì ní pa irọ́ fún ìkankan nínú wọn.

Ohun tí Moxie Marlinspike àti Dan Kaminsky, àwọn olùṣèwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, fi han ayé nìyẹn ní Las Vegas nígbà tí oṣù keje ọdún 2009 ń parí lọ. Oníkálukú wọn ló ṣàwárí rẹ̀. Kí ẹ tó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín sórí ojúlé báńkì, kọ̀ǹpútà yín máa ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ojúlé náà pé òun gan-an ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ló ń fún àwọn olójúlé ní ìwé yìí. Marlinspike ní ojúlé tirẹ̀, thoughtcrime.org. Àpẹẹrẹ tó lò ni ìwé ẹ̀rí tó ní orúkọ yìí: www.paypal.com, lẹ́yìn náà báìtì òdo, lẹ́yìn náà .thoughtcrime.org. Ìwé ẹ̀rí máa ń kọ iye ṣíwájú, bíi ti owó ẹyọ. Ẹni tó ń fúnni níwèé ka okùn náà dé ìdí, ó rí thoughtcrime.org, ó bi ẹni tó ni ín, ẹni náà sì ni ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n C ni ẹ̀rọ tí àwọn aráàlú fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó dé òdo, ó dúró, ó sì sọ fún oníbàárà pé PayPal nìyí, ẹ máa wọlé. Mozilla àti Microsoft, tí wọ́n ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tún tiwọn ṣe nínú ọdún 2009 kan náà.

Nígbà kan rí, irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n tún ń fi wọ àwọn ojúlé tí wọ́n fi èdè PHP kọ. Ojúlé ní àwòrán tí orúkọ rẹ̀ parí sí .jpg nìkan lòun ń gbà. Ẹni ibi á fi fáìlì ránṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ prògíráàmù.php, òdo, .jpg. PHP á wo ìdí, á rí .jpg, á gbà á wọlé. Ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀, tí ń sọ C, á dúró níbi òdo, á sì fi prògíráàmù.php pamọ́ síbi tó yẹ kí àwòrán wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni PHP 5.3.4 jáde, tó kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí fáìlì tí òdo bá wà láàárín orúkọ rẹ̀.

Màmá bi mí pé kí ni ẹni tó ń kọ prògíráàmù wá lè ṣe. Mo ní kó mọ ibi tí iṣẹ́ òun ti ń kọjá láti ọwọ́ ẹni tó ń ka iye bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá kókó, kó sì dúró síbẹ̀ bí oníbodè. Èdè Python máa ń tọ́jú iye, òdo àárín ò dà á láàmú; ẹ bi í léèrè gígùn Ade-òdo-wale, yóò ní 8. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó fi orúkọ yẹn ṣí fáìlì, yóò kọ̀, yóò sì sọ ìdí, torí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ kò ní kà á bí òun ṣe kà á. PostgreSQL, tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ò gba òdo sínú ọ̀rọ̀ rárá. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì sọ jáde. Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni prògíráàmù tó gé orúkọ èèyàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, irú èyí tí èmi fúnra mi kọ. Nígbà mìíràn òdo àárín tọ́ síbẹ̀, bíi nínú fọ́tò tàbí orin, tí òdo jẹ́ nọ́ńbà bíi ti èyíkéyìí. Ibẹ̀, ẹ má lo strlen, ẹ mú iye dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fi memcpy gbé e dípò strcpy, torí memcpy máa ń bi yín pé mélòó kí ó tó gbé ẹrù.

Nígbà tí mo ń sọ èyí, màmá ṣí ìwé àjọ wọn, wọ́n fi ìka hàn mí lókè ojú ewé, ṣáájú orúkọ Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ti fi bírò kọ 23 síbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ojú ewé làwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí láti ọdún tí ewé kan ti ya mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo ti tẹ orúkọ wọn wọnú kọ̀ǹpútà tán, mi ò tẹ iye yẹn.

Mo tún fáìlì náà fi pamọ́ ní UTF-8. Mo kọ 23 sí ìlà àkọ́kọ́, mo sì yí prògíráàmù padà kó kọ́kọ́ ka iye orúkọ tó bá rí, kó má tẹ káàdì bí iye méjèèjì kò bá bára mu. Káàdì tuntun jáde. Màmá fi ìka tọ́ ọ láti Àbẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹnu wọn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n kọ 23 sí igun rẹ̀ lókè, wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀dà kan sí i fún àwọn ará Ayétòrò.